Jákẹ́ẹ̀tì ni àbí wíǹgì? BCD tó yẹ ẹni tó ń mòòkùn nínú omi tútù àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́

"Ẹ̀gbọ́n, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ra ju ẹyọ kan lọ. Èwo ni kí n mú?"

Ibi ìgbọ́kọ̀sí Stoney Cove, adágún omi tí àwọn amòòkùn ń lò nítòsí Leicester ní Ìlú Ọba, ni àbúrò mi kan ti bi mí ní ìbéèrè yìí, lóṣù Kejì ọdún. Omi ọjọ́ náà jẹ́ 6°C, ọwọ́ wa sì ń gbọ̀n débi pé a ò rí ìdérí fúláàsì tíì ṣí. Ó ń múra àtilọ sí Hurghada ní Íjíbítì nígbà ọlidé Àjíǹde, níbi tí omi Òkun Pupa máa ń wà ní bí 22°C sí 23°C lásìkò yẹn. BCD (àpò afẹ́fẹ́ amòòkùn) kan ṣoṣo ló fẹ́ kó máa bá òun lọ síbi méjèèjì. N kò dárúkọ ọjà kankan fún un. Mo bi í pé, "Kílò òjé mélòó lo so mọ́ra lónìí?" Ó ní mẹ́tàlá. "Ìgbà tí o lọ sí Íjíbítì lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" Ó ní márùn-ún.

Orí kílò mẹ́jọ tó wà láàárín ìdáhùn méjì yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé. Ẹni tí kò bá tíì mọ iye òjé tó ń fa òun rì nínú omi méjèèjì, kó má tíì wọ ṣọ́ọ̀bù.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá pàdé: BCD ni àpò afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń gbé wọ̀, tí rọ́bà kan so ó mọ́ sílíńdà ẹ̀yìn rẹ̀. Tẹ bọ́tìnnì, afẹ́fẹ́ wọlé, ara á fúyẹ́. Tú afẹ́fẹ́ jáde, ara á wúwo. Òun ló ń jẹ́ kéèyàn dúró sójú kan láàárín omi, láìrì, láìléfòó. Mímòòkùn ìgbafẹ́ ni mò ń sọ o. Àwọn amòòkùn tó yọ Harrison Okene, alásè, jáde láàyè nínú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó rì lóṣù Karùn-ún ọdún 2013, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀: okùn rọ́bà gígùn ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá bá wọn. Àwa tí a ń gbé sílíńdà pọ̀n fún ìgbádùn ara wa ni BCD kàn.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni iye kílò tí àpò afẹ́fẹ́ náà lè gbé. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ tàbí sínú ìwé tó bá a wá: kílò 11, kílò 14, kílò 18. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló wà ńbẹ̀, kò sì le.

Wetsuit jẹ́ aṣọ ìmòòkùn onírọ́bà tí afẹ́fẹ́ wínníwínní kún inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú un móoru, òun náà ló ń mú un léfòó. Tí ẹ bá ti dé mítà 10, omi á ti tẹ afẹ́fẹ́ náà kù sí bí ìdajì. Tí ẹ bá fi dé mítà 30, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Aṣọ tó ń gbé yín lókè kò ní lè gbé yín nísàlẹ̀ mọ́, BCD ló gbọ́dọ̀ dí àlàfo yẹn. Wetsuit mílímítà 3 tí wọ́n ń wọ̀ ní Òkun Pupa nígbà ooru kì í gbéni ju kílò méjì sí mẹ́ta lọ, nítorí náà ohun tó lè sọnù lára rẹ̀ kéré. Ti mílímítà 7 tí àwọn kan ń wọ̀ sínú omi Ìlú Ọba lè gbéni tó kílò mẹ́jọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì máa ń lọ kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀.

Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ dé 232 bar (bar ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó), bíi kílò mẹ́ta afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àfikún ẹrù yẹn wà lára yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òjé tí ẹ dì gbọ́dọ̀ tó láti mú yín dúró jẹ́ẹ́ ní mítà 5 nígbà tí sílíńdà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Drysuit ni aṣọ ìmòòkùn tí kò gba omi láàyè. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fi sínú rẹ̀ ló ń gbà yín lọ́wọ́ òtútù, ẹ sì lè máa fi kún un bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé, BCD kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí síìpù bá ṣí tàbí tí rọ́bà ọrùn bá ya ni kí ẹ ṣírò sí. Omi á rọ́ wọlé, afẹ́fẹ́ tó wà nínú aṣọ òtútù abẹ́ rẹ̀ á jáde, agbára tó ń gbé yín léfòó á fi bíi kílò 10 dín kù, kílò òjé 13 á sì ṣì wà lára yín níbẹ̀.

Ẹ wá rò ó pọ̀. Ẹni tó wọ mílímítà 3: kílò méjì àti mẹ́ta, márùn-ún, kò sí BCD àgbà tí kò lè gbé e. Ẹni tó wọ mílímítà 7: bíi mẹ́fà àti mẹ́ta, mẹ́sàn-án, kílò 14 tó o dáadáa. Ẹni tó wọ drysuit: mẹ́wàá àti mẹ́ta, mẹ́tàlá, kó wá ohun tó lè gbé kílò 16 sí 18 kó lè ní àṣẹ́kù. Ìṣirò kan ṣì kù tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: tí ẹ bá bọ́ BCD sílẹ̀ lójú omi kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ lè dá gbé ara rẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo kílò òjé 13 sínú àpò BCD, tó tún so sílíńdà irin tó kún mọ́ ọn pẹ̀lú regulator (ẹ̀rọ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà), á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 17. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pín òjé tèmi, apá kan ní ìbàdí, apá kan lẹ́yìn.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo ti rí wíǹgì (àpò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn nìkan) tó lè gbé kílò 27, èyí tí wọ́n ṣe fún sílíńdà méjì, lára ẹni tó gbé ẹyọ kan. Ó ká mọ́ sílíńdà náà bí ewé ṣe ń ká mọ́ ẹ̀kọ, afẹ́fẹ́ sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po rẹ̀, kò sì jáde nígbà tó yẹ kó jáde.

Omi fúnra rẹ̀ tún dá sí i. Omi òkun fi bí ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju omi aládùn lọ, ti Òkun Pupa sì tún níyọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òkun lọ. Èèyàn àti ẹrù rẹ̀ tó jẹ́ kílò 110 nílò bíi kílò mẹ́ta àfikún tó bá kúrò nínú omi aládùn Stoney Cove bọ́ sínú òkun. Aluminíọ́mù ni ọ̀pọ̀ sílíńdà tí ẹ máa bá ní Íjíbítì, ó sì máa ń léfòó tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ti Ìlú Ọba jẹ́ irin ní gbogbogbòò, kì í léfòó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ibì kan rọ́pò ti ibòmíràn.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ọwọ́. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ mílímítà 5 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́tìnnì kékeré àti bọ́tìnnì ńlá. Okùn tí ẹ fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ ní kókó tó nípọn létí, òrùka irin tí ẹ ń fi nǹkan há gbọ́dọ̀ tóbi, ìdè gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láìwò ó. Nínú omi tí kò tó 10°C, fáàfù lè dì kó sì máa tú afẹ́fẹ́ láìdúró. Ìdí nìyẹn tí ìlànà EN 250 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kí wọ́n kọ ">10°C" sára regulator tí kò yẹ fún omi tútù. Bọ́tìnnì BCD náà kò bọ́ nínú rẹ̀: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbé ìka lé e pẹ́, kí ẹ sì mọ bí ẹ ó ṣe já rọ́bà rẹ̀ kúrò ní kíákíá.

Ìwọ̀n ẹrù ọkọ̀ òfurufú àti owó ló gbẹ̀yìn. Kílò 20 tàbí 23 ni púpọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń fúnni. Regulator, bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ àti wetsuit nìkan á ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Ó yá, jákẹ́ẹ̀tì. Scubapro ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1971, àwọn ará Ìlú Ọba ṣì ń pè é ní "stab" títí dòní. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ yí ìgbáròkó àti ẹ̀gbẹ́ ká, nítorí náà lójú omi ó máa ń gbé orí yín sókè láìsí wàhálà, ìyẹn sì jẹ́ ìbàlẹ̀ ọkàn gidi fún ẹni tí kò tíì mọ omi dáadáa. Ó ní àpò, ó ní ibi tí òjé ń wọ̀, iye rẹ̀ kì í sì gani lára: láàárín £250 sí £450 ni ẹ ó ti rí èyí tó dára. Fún omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nìkan, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi bú u.

Ìyọnu rẹ̀ ni pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ní, aṣọ méjì tí ìnípọn wọn ò dọ́gba lẹ sì fẹ́ fi wọ̀ ọ́. Ojú mi rí i. Mo ra tèmi nígbà ooru, mo fi wetsuit mílímítà 5 wọ̀ ọ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi mu wẹ́kú. Nígbà tí mo fi drysuit wọ̀ ọ́ lóṣù Kọkànlá, ìgbànú ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdé. Okùn àyà rẹ̀ gorí fáàfù tí mo fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú drysuit. Èyí tó burú jù ni ti èjìká: ó yọ́ wálẹ̀ bo fáàfù tó wà ní apá òsì mi, tí afẹ́fẹ́ drysuit ń gbà jáde. Mo ń bọ̀ lókè, mo gbé apá sókè bí wọ́n ṣe kọ́ mi, afẹ́fẹ́ ò jáde. Láti mítà 6 ni omi ti gbé mi jù sókè, láìdúró níbi tó yẹ kí n dúró. Ara mi yá, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra BCD láìgbé drysuit rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ gbé apá méjèèjì sókè, ẹ wá fáàfù méjèèjì kàn pẹ̀lú ojú dídì.

Àwọn fùkẹ̀fùkẹ̀ tó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì tún máa ń léfòó fúnra wọn, bíi kílò kan, òjé lẹ ó sì fi san án. Ó wúwo nínú báàgì, ó sì pẹ́ kó tó gbẹ.

Irú kan wà tó dàbí jákẹ́ẹ̀tì níwájú, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn nìkan. Kì í fún ìhà pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ara sùn gbalaja nínú omi. Tí ẹ bá rí èyí tó bá drysuit yín mu, tó sì lè gbé kílò 17, kò burú. Ìṣòro ìwọ̀n kan ṣoṣo yẹn ṣì wà lára rẹ̀.

Èyí tí mò ń lò báyìí ni irin ẹ̀yìn pẹ̀lú wíǹgì. Ọwọ́ àwọn tó ń mòòkùn wọ ihò omi ní Florida ló ti gbajúmọ̀. William Hogarth Main wà lára wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀nà ìdìmọ́ra kan títí di òní. Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ kan, bẹ́líìtì gígùn kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 tó gba inú irin náà yí èjìká àti ìbàdí ká, àti wíǹgì tó wà láàárín irin àti sílíńdà. Bẹ́líìtì kejì gba abẹ́ itan kọjá kí ohun gbogbo má bàa yọ́ sókè.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún omi méjèèjì ni pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tú. Irin gidi wúwo tó kílò méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ní Stoney Cove, ìyẹn jẹ́ òjé tí mo bọ́ kúrò ní ìbàdí gbé sẹ́yìn, níbi tí ẹ̀dọ̀fóóró wà, ara mi sì dọ́gba. Tí mo bá ń lọ sí Òkun Pupa, mo á yọ ọ́, mo á fi ti aluminíọ́mù tí kò ju bíi kílò kan lọ rọ́pò rẹ̀. Bẹ́líìtì kan náà, wíǹgì kan náà. Irin aluminíọ́mù kejì yẹn kì í sábà ju £100 lọ, nígbà tí gbogbo ohun èlò náà lápapọ̀ lè tó £400 sí £600. Tí wíǹgì bá lu, wíǹgì nìkan lẹ ó rà. Tí bẹ́líìtì bá já, owó kékeré ni.

Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ ni títún bẹ́líìtì wọ̀n. Drysuit nílò àyè ju wetsuit lọ, tí ẹ bá sì ń fojú díwọ̀n rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ ó bínú sí i. Ohun tí mo ṣe nìyí: mo fi òwú pupa rán àmì sára bẹ́líìtì èjìká níbi tí ìdè irin máa ń dúró sí fún drysuit, mo fi òwú funfun rán ti wetsuit, ìka mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn. Kí n tó kó ẹrù sínú báàgì, mo ti fà á láti pupa sí funfun. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó ní ewu tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Irin gidi lẹ́yìn, sílíńdà irin, wetsuit mílímítà 3: àpapọ̀ yẹn lè wúwo ju yín lọ láìsí òjé kankan. Tí wíǹgì bá lu ní ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa jù sílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló kù láti fi wẹ̀ gòkè. Ohun tí ẹ gbé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ wẹ̀ gòkè pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí apá kan rẹ̀ ṣeé jù nù. Nítorí náà ni irin gidi fi ń dúró sílé tí mo bá ń lọ síbi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Lójú omi, wíǹgì tún máa ń fẹ́ ti ojú yín sínú omi tí ẹ bá fẹ́ ẹ kún ju bó ṣe yẹ. Ẹ fẹ́ ẹ níwọ̀nba, kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

BCD ìrìn-àjò ni ti aláṣọ, tí kò ní irin kankan lẹ́yìn. Ó máa ń wà ní bíi kílò méjì sí méjì àbọ̀, ẹ lè ká a sínú báàgì bí ìrọ̀rí, agbára rẹ̀ sì máa ń wà ní kílò 11 sí 14. Ó dùn ún gbé, ó tètè gbẹ. Ẹni tó ń lọ sí Sharm el-Sheikh tàbí erékùṣù Sal ní Cape Verde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí kì í fẹ́ rí omi tútù sójú, òun ni kó rà. Ẹ má gbé e lọ sí Stoney Cove pẹ̀lú drysuit àti kílò òjé 13. Ẹ ti rí ìṣirò rẹ̀ lókè.

Nípa gbígbé sílíńdà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́. Ó dára fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo lè ní kẹ́nì kan kọ́kọ́ rà.

Àtiyá a lọ́wọ́ ilé ìmòòkùn tí ẹ bá dé ọ̀hún náà jẹ́ ọ̀nà gidi. Ẹ ra èyí tó yẹ drysuit yín nílé, kí ẹ sì yá jákẹ́ẹ̀tì ní Íjíbítì. Kí ẹ gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fẹ́ ẹ títí yóò fi le gbandi, ẹ gbé e sórí àga, ẹ sùn. Tó bá ti rọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dákẹ́ kíákíá lẹ́yìn tí ìka bá kúrò. Iyọ̀ tó gbẹ sínú rẹ̀ ló ń mú un há. Tiyín náà nílò ìtọ́jú yìí. Lẹ́yìn òkun, ẹ rọ omi aládùn sínú àpò afẹ́fẹ́ gan-an, ẹ mì í, ẹ dà á jáde, kì í ṣe kí ẹ kàn bù ú sí i lára.

Ta ló wá yẹ kó mú èwo? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí kò tíì mọ bóyá òun á máa bá a lọ, kó máa yá, kó fi owó rẹ̀ ra ìbòjú tó bá ojú rẹ̀ mu ná. Ẹni tó jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nìkan ni tirẹ̀, tó sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ síbẹ̀, ti ìrìn-àjò ni. Tó bá ń bẹ̀rù ojú omi, jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń mòòkùn ní Ìlú Ọba lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń fojú sọ́nà láti lọ wo ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rì sí Scapa Flow ní Scotland lọ́dún 1919, tí kì í sì í rin ìrìn-àjò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kó ra irin gidi àti wíǹgì kílò 17, kó máa yá jákẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣe méjèèjì déédéé, tí kò sì fẹ́ gbé ohun tí kò mọ̀ wọ inú omi, wíǹgì kílò 17 kan, irin méjì.

Ohun tí àbúrò mi ṣe nìyẹn. Ó rí wíǹgì àti irin gidi tí ẹnì kan ti lò, a jọ fẹ́ ẹ kún nínú ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ láti wá ibi tó ti ń yọ ìfófò, kò sí. Mo yá a ní irin aluminíọ́mù tèmi fún Hurghada. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó débẹ̀, ó fi àtẹ̀ránṣẹ́ kan ṣọwọ́ sí mi: "Kílò mẹ́ta péré, ẹ̀gbọ́n."